Ibi Tí A So Ó Mọ́: Ìtàn Bí Ṣọ́ọ̀kì Ṣe Gùn

Ẹ ti rí fídíò wọn lórí ayélujára. Mọ́tò ńlá kan á sáré bọ̀ láti inú aṣálẹ̀, á gun òkìtì yanrìn, á fò sókè. Bó ṣe wà lófuurufú, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ gbé. Á balẹ̀, ẹni tí ẹ rò pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dá á kàn máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé, "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ gùn ni."

Òótọ́ ni, ó gùn. Àmọ́ tí ẹ bá wo ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹ ó rí i pé gígùn yẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ná wọn lówó, tó ná wọn ní ọdún, tó sì fọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni ká so ó mọ́?

Kí ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ló gbé mọ́tò dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ló gbé e dúró. Lára jíìpù àtijọ́, tí ẹ bá yọ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ọkọ̀ náà á ṣì dúró gangan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wà á gba inú kòtò kan ṣoṣo, ìgbà yẹn lẹ ó mọ iyì ṣọ́ọ̀kì. Mọ́tò á máa jó sókè, á máa jó sílẹ̀, kò ní fẹ́ dáwọ́ dúró, títí táyà á fi máa kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè yà, búréèkì rẹ̀ kò sì wúlò. Ijó sípíríǹgì yìí ni ṣọ́ọ̀kì wá pa.

Àwọn mọ́tò ìbẹ̀rẹ̀ kò ní in. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ni sípíríǹgì wọn, bí àwọn irin náà ṣe ń ha ara wọn ló ń dín ijó kù díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọmọ Faransé kan, Jules Truffault, ṣe èyí tó ní àwo pẹlẹbẹ tó ń fún mọ́ra, tó ń ha ara wọn bí apá rẹ̀ ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Edward Hartford gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń tà á níbẹ̀. Ọmọ Faransé mìíràn, Maurice Houdaille, ló lo ọ́ìlì dípò ìhara. Nígbà tí Ford Model A jáde ní ìparí ọdún 1927, ti Houdaille ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí a mọ̀ lónìí wá gbilẹ̀, ìyẹn páìpù tí ọ̀pá ń wọ inú rẹ̀ tó tún ń jáde.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ọ́ìlì wà nínú páìpù. Písítìn wà ní orí ọ̀pá, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára písítìn náà. Bí táyà bá gun òkúta, ọ̀pá á wọlé, ọ́ìlì á sì ní láti fún ara rẹ̀ gba inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá. Ìnira yẹn ló ń pa ijó. Agbára ijó náà kò sì sọnù o, ooru ló ń dà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà burúkú dé á mọ̀ pé ó gbóná. Ẹ rántí ooru yìí, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Jíìpù àti ìrìn kúkúrú

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọkọ̀ inú igbó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Láti ọdún 1941, Willys àti Ford ṣe jíìpù tó lé ní 600,000 fún ogun náà. Land Rover tẹ̀lé e ní 1948, Toyota náà ṣe tirẹ̀ ní 1951. Orúkọ jíìpù wọ èdè wa débi pé lónìí, mọ́tò gíga èyíkéyìí, ì báà jẹ́ Lexus tàbí Honda, jíìpù là ń pè é.

Ṣùgbọ́n jíìpù ogun kì í ṣe ọkọ̀ eré. Sípíríǹgì rẹ̀ le, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrú, torí pé ohun tí wọ́n fẹ́ ni ọkọ̀ tó lè ru ẹrù, tí kò ní tètè bàjẹ́. Níbí ni ká ti mọ ohun tí "ìrìn" ṣọ́ọ̀kì túmọ̀ sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀kì ló ní òpin méjì. Òpin kan wà nígbà tó bá ti wọlé tán, èkejì wà nígbà tó bá ti nà tán. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ìrìn rẹ̀. Bí táyà bá gòkè tó sì kan òpin, ara mọ́tò ló máa gba gbogbo ìkọlù tó kù. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tó sì kan òpin, táyà náà á rọ̀ lófuurufú, kò ní kan ilẹ̀ mọ́. Bí ìrìn bá kúrú, ẹ gbọ́dọ̀ fi sípíríǹgì líle há a kó má baà máa kan òpin ní gbogbo ìgbà. Bí ìrìn bá gùn, sípíríǹgì lè rọ̀, táyà á sì lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ sáré lórí ilẹ̀ gbágungbàgun fi ń wá ìrìn gígùn.

Nígbà tí Ìjàpá gba ipò kìíní

Baja California jẹ́ ilẹ̀ tóóró gígùn kan ní Mẹ́síkò, òkun wà lápá ọ̀tún, òkun wà lápá òsì, aṣálẹ̀ àti òkè wà láàárín. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1967, ìdíje tí a mọ̀ lónìí sí Baja 1000 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Tijuana lọ sí La Paz. Ọ̀nà náà lé ní 1,300 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò sì rí ọ̀dà rí.

Vic Wilson àti Ted Mangels ló gba ipò kìíní, wákàtí 27 àti ìṣẹ́jú 38 ni wọ́n lò. Kí ni wọ́n wà? Ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Meyers Manx. Bruce Meyers ló ṣe ara rẹ̀, ike tó fúyẹ́ ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti Volkswagen Beetle ni. Beetle yìí náà ni àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní ọdún 1975. Ìjàpá sáré ìje, ó sì borí. Kò yẹ kó ya ẹni tó mọ àlọ́ lẹ́nu.

Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, nítorí náà ohun tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń bá jà kò pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀kalẹ̀, kò fa èkejì dání bíi ti jíìpù tí irin gbọọrọ kan so táyà méjì pọ̀. Ṣọ́ọ̀kì gígùn kọ́ ló gbé Manx dé La Paz. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu ló gbé e débẹ̀.

Wàhálà wá kan àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò wíwúwo sá irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n fi kún un. Tí ṣọ́ọ̀kì kan kò bá tó fún táyà kan, ẹ so méjì mọ́ ọn. Tí méjì kò bá tó, ẹ so mẹ́ta. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé ooru tí ì bá wà nínú ọ̀kan ti pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọdún 1971, Parnelli Jones, ẹni tó ti gba ìdíje Indianapolis 500 ní 1963, wa Ford Bronco tí wọ́n tún ṣe látòkèdélẹ̀, òun àti Bill Stroppe sì parí Baja ní wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 59. Ọ̀nà kò jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá pẹ̀lú ti 1967, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kúrò ní Tijuana, àmọ́ ẹ wo bí àkókò ṣe wálẹ̀ tó.

Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni ooru náà ń pọ̀ sí i. Ọ́ìlì tó gbóná jù á ṣàn bí omi, kò ní fún písítìn ní ìnira mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀kì lásán, afẹ́fẹ́ náà wà pẹ̀lú ọ́ìlì. Tí wọ́n bá ti ń gbọ̀n pọ̀ fún wákàtí mélòó kan, ọ́ìlì á yọ fófòó bí ọṣẹ. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ fi fófòó dá nǹkan dúró, ẹ wò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Awakọ̀ á kàn rí i pé ọkọ̀ tó ń gbọ́ràn láàárọ̀ ti di ẹhànnà lọ́sàn-án.

Ẹni tó ti rí ojútùú èyí kò sí ní Baja rárá. Ọmọ Faransé ni, Christian Bourcier de Carbon ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti ṣe é ní àwọn ọdún 1950. Ó fi písítìn kejì tí kò so mọ́ nǹkan kan pín inú páìpù: ọ́ìlì ní apá kan, gáàsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú gan-an ní apá kejì. Gáàsì ń ti ọ́ìlì nígbà gbogbo, àwọn méjèèjì kò sì pàdé, nítorí náà fófòó kò rí àyè. Bilstein ti Jámánì gba iṣẹ́ náà, ó sì dé abẹ́ Mercedes-Benz ní 1957.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù la dé yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó lè rin 30 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 30. Páìpù tí ọ̀pá náà máa wọ̀ gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá nà tán, gbogbo rẹ̀ á ti lé ní 60 sẹ̀ǹtímítà, a ò tíì ka ojú ibi tí wọ́n ti ń fi bóòtì dè é lókè àti nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ oní-gáàsì, ibùgbé gáàsì náà tún ń gba àyè nínú páìpù. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi gbé gáàsì jáde sínú ìgò kékeré tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì: kí ìrìn lè gùn láìjẹ́ pé páìpù gùn, kí ọ́ìlì sì pọ̀ sí i.

Níbo wá ni irú irin bẹ́ẹ̀ fẹ́ wà lábẹ́ mọ́tò? Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìtẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe sábẹ́ mọ́tò, ti eku kékeré ni. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà. Ẹ lè gbé ojú ibi tí a ń so ó mọ́ lọ sókè, kó tilẹ̀ la ilẹ̀ mọ́tò kọjá. Ẹ lè dà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ sì lè so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ àárín apá tó di táyà mú, dípò etí táyà gan-an.

Àwọn alùpùpù ló kọ́kọ́ fi ojú rí ọ̀nà kẹta yìí dáadáa. Nínú ìdíje motocross, títí di nǹkan bí ọdún 1972, táyà ẹ̀yìn kì í rìn ju bí 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣọ́ọ̀kì méjì sì dúró ṣánṣán nítòsí rẹ̀. Àwọn bíi Maico ti Jámánì wá gbé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì síwájú ní 1974. Ìrìn táyà gùn lójijì, wọn ò sì ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó dà bí idán, àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá so ṣọ́ọ̀kì mọ́ àárín apá náà gan-an, táyà á rin 20 nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá rin 10. Agbára tó ń kan ṣọ́ọ̀kì á di ìlọ́po méjì, eré rẹ̀ á sì dín sí ìdajì. Kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ le ní ìlọ́po mẹ́rin, sípíríǹgì rẹ̀ náà bákan náà. Ẹ gbọ́ dáadáa: mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Àwọn tí kò ṣírò èyí jó ṣọ́ọ̀kì wọn, wọ́n sì ṣẹ́ irin alùpùpù wọn.

Lucien Tilkens, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kan, mú ọ̀nà mìíràn wá. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì kúrò, ó tẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó gùn sí abẹ́ táǹkì epo, ó sì ṣe apá ẹ̀yìn ní onígun mẹ́ta tó lágbára kó lè ti í. Yamaha rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Håkan Andersson ti Sweden lò ó ní 1973, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 250cc lọ́dún náà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìrìn táyà ẹ̀yìn motocross ti kúrò ní 10, ó ti dé nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ kíyè sí i: ibi tí Tilkens gbé ṣọ́ọ̀kì sí ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ní owó orí tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó dúró ṣánṣán ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Èyí tí ẹ bá dà dé àárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀, ìdajì iṣẹ́ nìkan ló kù lára rẹ̀ lórí táyà. Nítorí náà, àwọn ọkọ̀ ńlá Baja òde òní gba ọ̀nà kìíní. Ṣọ́ọ̀kì wọn dúró gàgàrà, ó la ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ yí i ká, apá tó di táyà mú sì gùn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí páìpù kéékèèké níta ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ọ́ìlì nìyẹn. Láàárín ìrìn, ọ́ìlì ń gbabẹ̀ yọ, ṣọ́ọ̀kì á rọ̀. Bó bá ń súnmọ́ òpin, ọ̀nà náà á tì, ṣọ́ọ̀kì á le kó má baà kan òpin gbì.

Motocross àti mọ́tò wá pàdé níkẹyìn. Bob Fox bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní California ní 1974 láti ìdí alùpùpù. Nígbà tí Ford gbé Raptor àkọ́kọ́ jáde fún ọdún 2010, ṣọ́ọ̀kì Fox tó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìrìn táyà sì tó nǹkan bí 28 sẹ̀ǹtímítà níwájú, 30 lẹ́yìn. Ohun tí àwọn eléré ìje ń jó irin fún lóru ti di ohun tí èèyàn ń rà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́

Ẹnikẹ́ni lè ra ṣọ́ọ̀kì gígùn lónìí, kí mẹkáníìkì sì fi bóòtì dè é láàárín wákàtí kan. Ewu tó wà níbẹ̀ kò hàn lójú. Tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé tán kí irin ẹsẹ̀ mọ́tò tó kan rọ́bà tó yẹ kó gba ìkọlù, ṣọ́ọ̀kì ti di òòlù nìyẹn. Yálà kí písítìn rẹ̀ fọ́, tàbí kí ojú ibi tí wọ́n so ó mọ́ ya kúrò lára ṣáásì. Tó bá sì nà ju bó ṣe yẹ lọ, táyà á sọ̀kalẹ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe rò lọ. Sípíríǹgì oníwèé-kíká lè bọ́ kúrò níjòókòó rẹ̀. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn lè tẹ̀ débi tí oríkèé rẹ̀ á fi há. Èyí tó burú jù ni rọ́bà búréèkì: ó gùn níwọ̀n ìrìn àtijọ́, tí ìrìn bá gùn tí òun kò gùn, yóò já. Ibi tó sì ti máa já ni ojú ọ̀nà, nígbà tí táyà bá wọ kòtò tó jìn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á yọ sípíríǹgì, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ mọ́tò sókè títí á fi kan rọ́bà rẹ̀, wọ́n á wọn àlàfo tó wà láàárín ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n á tún sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ títí nǹkan àkọ́kọ́ á fi fẹ́ há, wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n máa rà gbọ́dọ̀ kúrú ju ìwọ̀n àkọ́kọ́ lọ nígbà tó bá wọlé tán, kò sì gbọdọ̀ gùn ju ìwọ̀n kejì lọ nígbà tó bá nà tán. Àwọn eléré ìje tún máa ń fi bẹ́líìtì líle dá ẹsẹ̀ mọ́tò dúró, kó má baà jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló ń fà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè bí ṣọ́ọ̀kì náà ṣe le tó, torí pé ọkọ̀ tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ kò lè lo ọ̀kan náà, bí gígùn wọn tilẹ̀ bára mu.

Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú èyí, téèpù ìwọnlẹ̀ àti sùúrù ni. Àmọ́ ẹ wo iye mọ́tò tó kú sínú aṣálẹ̀, ẹ wo iye alùpùpù tó ṣẹ́ sí méjì, kí àwọn èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan tí ẹ bá yí padà lábẹ́ mọ́tò, aládùúgbò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Wọ́n ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn láti 1967. Ẹni tó bá fẹ́ gbé jíìpù rẹ̀ sókè lónìí kò tún ní láti san án, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó àti ọmọ ló máa jókòó sẹ́yìn.